Igbó Tí Wọ́n Ta Èémí Rẹ̀

Gbogbo ohun tí Hafeezah sọ fún àwọn obìnrin abúlé Bangtinga lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ ló gbà gbọ́ pé òótọ́ ni. Kò tàn wọ́n. Abẹ́ igi èmí ńlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kó àga sí. Àwọn àgbààgbà jókòó síwájú, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sẹ́yìn wọn, Hafeezah sì dúró láàárín, ó ń sọ èdè Mòsí bí ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ náà. Wọ́n kúkú bí i síbẹ̀. Àdúgbò Hamdalaye, ní Wagadugú olú ìlú ibẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Alhaji Súbérù, ń ta pàátì alùpùpù ní àdúgbò Patte d'Oie. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì gba Gánà kọjá kí wọ́n tó dé Waga. Nínú gbogbo wọn, Hafeezah nìkan ló ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì. Nígbà tó jáde, ilé-iṣẹ́ kan tó ní búrò ní àdúgbò Paspanga gbà á síṣẹ́ pé kó máa bá wọn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àwọn ará abúlé.

Ọjà tí ilé-iṣẹ́ yìí ń tà kì í ṣe ohun téèyàn lè fọwọ́ kàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà lókè òkun tí wọ́n ń tú èéfín sójú ọ̀run, tí wọn ò sì ṣetán láti dín in kù. Wọ́n á wá igbó kan níbòmíràn, wọ́n á sanwó kí ẹnikẹ́ni má gé e, wọ́n á wá máa kéde fáyé pé igi ibẹ̀ ń fa èéfín àwọn mu, pé ọwọ́ àwọn mọ́. Òwò kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é ní búrò. Àwọn ará Bangtinga ní tiwọn, èémí igi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òyìnbó fẹ́ ra èémí igi àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò burú lójú wọn, torí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣèlérí kànga ẹ̀rọ àti kíláàsì tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Obìnrin kan dìde láàárín àwọn tó jókòó sórí ẹní. Monique ni orúkọ rẹ̀, opó ni, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi èso èmí ṣe òrí lábúlé náà.

"Ṣé a ó ṣì máa wọ inú igbó yẹn lọ ṣa èmí?" ó bi Hafeezah. "Igi gbígbẹ tá a fi ń dáná ńkọ́?"

"Ẹ ó máa ṣa á, Màmá. Igi tútù nìkan lẹ ò ní gé mọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni èmí yẹn. Òfin ìpilẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí dáàbò bo ohun tí ẹ fi ń jẹun, ó sì ní ẹ̀tọ́ gbogbo wa ni kí àyíká wa dára. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, ilé ẹjọ́ wà."

"Ṣé òfin yẹn náà ni àwọn sójà ní kó lọ jókòó sílé nígbà tí wọ́n gbàjọba?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Hafeezah náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́," ó wí.

Monique kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ó dáa," ó ní. "Ìwọ lo sọ ọ́. A gbà á lẹ́nu rẹ."

Lẹ́yìn náà ni olóyè abúlé àtàwọn àgbààgbà tẹ ìka sí ìwé àdéhùn, tí ìpàdé sì tú.

Ọdún àkọ́kọ́ lọ nírọ̀rùn. Kànga ẹ̀rọ dé lóòótọ́, omi sì jáde nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń wọ igbó, wọ́n ń jáde, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Àmọ́ ní ọdún kejì, ẹnì kan lára àwọn tó ń ra kábọ́ọ̀nù náà lókè òkun wo àwòrán igbó Bangtinga tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, ó rí ipa ẹsẹ̀ tó là á já síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó tún rí èéfín níbì kan. Ó ní kí wọ́n wá ṣàlàyé. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé-iṣẹ́ gba àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n fún wọn ní alùpùpù àti yúnífọ́ọ̀mù. Hafeezah gbọ́ nípa wọn ní búrò, ó rò pé torí àwọn tó ń gé igi ṣe èédú ni.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èmí sì ti ń jábọ́, nígbà tí Nadia pè é lórí fóònù. Ọmọ Monique ni Nadia, ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Patte d'Oie ló ti ń kọ́ṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú ìyá mi," ó ní.

Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ bá àwọn obìnrin nínú igbó, wọ́n da èmí wọn sílẹ̀, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù sá, ìyá òun kò sá. Ẹ̀ṣọ́ kan fẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà tì í ṣubú. Ìyá dìde, ó fi abọ́ gbá a létí. Wọ́n wá fà á lé àwọn jàndámù, ọlọ́pàá ìgbèríko, lọ́wọ́, àhámọ́ wọn ló wà láti àná.

Hafeezah gbéra lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó ti ń gbé ní Waga tipẹ́, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Nàìjíríà. Èèyàn burúkú kọ́. Ìgbà tí ìyá Hafeezah kú, òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ gbé wọn lọ síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn àga rẹ̀ ní búrò, àwòrán ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n máa ń fi han àwọn àlejò láti òkè òkun. Monique ló wà nínú rẹ̀, ó bu èmí sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni Hafeezah wí, "ẹ jẹ́ ká pe àwọn jàndámù, ká sọ fún wọn pé a ti gbà fún àwọn obìnrin yìí."

"Ta ló gbà fún wọn?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ wà níbẹ̀, sà. Ẹ̀gbẹ́ olóyè lẹ jókòó sí."

"Mo wà níbẹ̀," ni Ọlánípẹ̀kun dáhùn, "àmọ́ mi ò gbọ́ Mòsí."

Ọ̀gá rẹ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, gbọ́. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa, igbó tó dákẹ́ ni wọ́n rà. Wọn ò ra igbó téèyàn ń wọ̀ tó ń jáde. Tí wọ́n bá fi wá sílẹ̀, kànga yẹn máa bàjẹ́, kò ní sẹ́ni tó máa tún un ṣe. Ta nìyẹn máa ṣe láǹfààní?"

"Ẹ̀tọ́ wọn ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀tọ́." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "A ní ẹ̀tọ́ ní Nàìjíríà tó kún ìwé, ìwọ náà mọ bá a ṣe ń gbé níbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí ẹ̀tọ́ bọ́ yó. Jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Tọ́rọ̀ bá ti tutù, a máa bá obìnrin náà wá nǹkan ṣe."

Hafeezah ń wo ògiri lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ bá mi yọ àwòrán yẹn kúrò níbẹ̀, sà."

Ọlánípẹ̀kun yíjú wo àwòrán náà, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti wò ó gbẹ̀yìn. "Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀," ó ní.

Hafeezah àti Nadia jọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn jàndámù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n rí Monique ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú jàndámù kan. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wú, ó gbé e lé itan bí ẹrù ẹlòmíràn. Ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní barka láti fi dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Hafeezah.

"Ilé ẹjọ́ tí o sọ lọ́jọ́sí, ibo ló wà?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé yín lọ, Màmá."

"Áà," ni Monique wí. "Èmi rò pé àwa la máa gbé wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí bá Hafeezah délé. Ó ti pinnu pé òun yóò lọ jẹ́rìí ní kóòtù pé òun lòun ṣèlérí fún àwọn obìnrin náà, lórúkọ ilé-iṣẹ́, lójú ọ̀gá òun. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun máa bọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá òun. Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní Patte d'Oie lọ́sàn-án, níbi tó jókòó sí láàárín táyà àti ṣéènì tó fi kọ́ ara ògiri, tí ariwo bọ́ọ̀sì ń wọlé bá a láti oríta. Alhaji gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Má lọ," ó ní.

"Bàbá."

"Orúkọ wa ni wọ́n máa pè níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn máa gbọ́. Orúkọ àlejò."

"Ibí ni wọ́n bí mi sí, Bàbá."

"Tamale ni wọ́n bí èmi náà sí." Alhaji mú ìnujú, ó ń nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀. "Mo ṣì kéré nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àlejò máa lọ. Bàbá mi ní ìwé, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọlọ́pàá tó wá sílé wa gba ìwé náà, ó kà á tán pátá, ó ní ìwé yìí dára. Ó dá a padà fún bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní ká máa kó ẹrù wa. Mi ò sọ pé òfin ò dára, Hafeezah. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa."

"Ṣé ká wá máa dákẹ́ ni?"

Oníbàárà kan wọlé, ó béèrè púlọ́ọ̀gì, wọ́n fi èdè Dioula nájà, ó rà á, ó lọ.

"Tó o bá máa lọ," ni Alhaji wí nígbà tó yá, "lọ nítorí obìnrin yẹn. Má lọ nítorí ìwé òfin. Tó bá jẹ́ ìwé ló gbé ọ lọ, ìbànújẹ́ lo máa gbé bọ̀."

Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ náà, ó gbé aṣọ tí Hafeezah fẹ́ wọ̀ lọ sí kóòtù fún àbúrò Hafeezah obìnrin pé kó bá a lọ̀ ọ́.

Yàrá ìgbẹ́jọ́ náà gbóná, fáànù ń yí, kò fẹ́ atẹ́gùn. Monique dúró síwájú, wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ẹ̀ṣọ́ tó tì í kò wá. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ kan tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dìde láti sọ̀rọ̀, Hafeezah mọ gbólóhùn tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́ tán, torí òun náà ti kọ́ ọ sórí nígbà tó wà ní yunifásítì. Lọ́yà ní òfin ìpilẹ̀ fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára. Ó ní igbó Bangtinga wà lára àyíká náà, àǹfààní gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi ń dáàbò bò ó. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ, tó tún lu ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ̀tọ́ gbogbo wa ló tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tí Hafeezah fi lé àwọn obìnrin lọ́wọ́ lábẹ́ igi èmí, òun náà rèé. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà báyìí, ó sì bá ọwọ́ náà mu.

Wọ́n pè é, ó lọ dúró níwájú adájọ́. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Lọ́yà yẹn wá bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Madame, ṣé ẹ láṣẹ láti ṣèlérí lórúkọ ilé-iṣẹ́?"

"Èmi ni wọ́n rán pé kí n ṣàlàyé fún wọn."

"Ṣé ọ̀gá yín ló sọ pé kí wọ́n máa ṣa èmí?"

"Ọ̀gá mi ò sọ ohunkóhun nípa èmí. Èmi ni mo dá wọn lóhùn."

"Kí lẹ gbára lé tẹ́ ẹ fi dá wọn lóhùn?"

"Òfin," ni Hafeezah wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ gbójú sókè, ẹ̀rín náà dákẹ́. Obìnrin ni adájọ́ náà, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbà pé ẹlẹ́rìí sọ òtítọ́, pé ọkàn kan ló sì fi bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, àmọ́ àdéhùn tí olóyè tẹ̀ka sí kò dárúkọ èmí, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kan kò sì lè yí i padà. Wọ́n dá Monique lẹ́bi pé ó lu ẹ̀ṣọ́, pé ó sì wọ igbó láìgbàṣẹ. Nítorí ọjọ́ tó ti lò ní àhámọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé, àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún tẹ inú igbó náà, ẹ̀wọ̀n ni.

Lóde kóòtù, Hafeezah ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ gbé wọn dé abúlé. Nadia wo ojú ìyá rẹ̀.

"A máa wọ bọ́ọ̀sì," ni Monique wí. Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Hafeezah.

Ọjọ́ náà ni Ọlánípẹ̀kun pè é. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kó má wá sí búrò mọ́, òun máa ní kí wọ́n kó àwọn nǹkan rẹ̀ wá fún un. Kó tó pa fóònù, ó ní, "Mo ń gbàdúrà fún ọ," ó sì dàbí pé òótọ́ ló ń sọ.

Hafeezah jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀, kò jáde. Ó mú ìwé òfin rẹ̀ kúrò lórí tábìlì lọ sínú àpótí, ó tún mú un jáde, torí ó ṣì máa nílò rẹ̀ fún ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kò ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bó ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Ó ń kà á bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn náà ń ka ojú ewé yẹn kan náà.

Ó ṣe, Nadia pè é. "Ìyá mi ní kí ẹ wá. Àwọn obìnrin fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà lẹ́nu yín."

Àgbàlá Monique kún nígbà tó débẹ̀. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún. Ó wá dìde, ó ṣàlàyé gbogbo ohun tí adájọ́ sọ. Ó ní ohun tí òun sọ fún wọn nígbà àkọ́kọ́, kóòtù kò gbà á, wọn ò sì lè gbára lé e níbì kankan báyìí.

"Kí ló wá kù?" ni ìyá arúgbó kan béèrè.

"Mo fẹ́ gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú. Àmọ́ ó lè pẹ́. Ó lè tó ọdún mélòó kan."

Monique ló fọ̀.

"Gbé e lọ," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ní kó o má gbé e lọ. Ṣùgbọ́n èmí ò ní dúró de adájọ́. Ó ń jábọ́ báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọ̀la, gbogbo wa la jọ ń lọ."

"Màmá, ẹ̀yin ni kóòtù dárúkọ. Tí wọ́n bá rí yín níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe pè ọ́. Tí wọ́n bá mú mi, ìwọ máa sọ ohun tó o rí. Lọ́jọ́ ẹjọ́ yẹn, ohun tó o sọ fún wa lo lọ sọ fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lo máa sọ."

Hafeezah sùn sílé wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó rí àwọn obìnrin tó ń tú jáde láti agboolé gbogbo, àwọn tó pọn ọmọ, àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀pá, àwọn ìyàwó tuntun, abọ́ lórí wọn. Kò sẹ́ni tó ń kọrin. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó hàn lójú wọn, ó sì ń ba Hafeezah náà. Ó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn Monique.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dúró lẹ́nu igbó. Olórí wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti abúlé kejì, ó na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró, lẹ́yìn náà ló rí àbúrò ìyá rẹ̀ láàárín àwọn tó wà níwájú. Obìnrin náà kí i, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dáhùn, torí kò lè ṣe kó má dáhùn. Ó wá yọ fóònù, ó pe búrò ní Paspanga. Ó fi í sórí ohùn òkè kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́, kí wọ́n má baà sọ pé òun ló dá a ṣe.

Ohùn Ọlánípẹ̀kun jáde nínú fóònù lédè Faransé. "Àwọn wo ló wá?"

Ẹ̀ṣọ́ náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Gbogbo wọn, ọ̀gá."

"Hafeezah wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ọlánípẹ̀kun ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò." Ló bá pa fóònù.

Ẹ̀ṣọ́ náà kò sọ pé kí wọ́n wọlé, kò sì sọ pé kí wọ́n padà. Ó kàn gbé alùpùpù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jókòó lé e, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Monique ló kọ́kọ́ kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì ṣa èmí, torí ti ọ̀tún kò tíì san. Hafeezah bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Monique kò ní kó lọ, kò sì kí i káàbọ̀. Nígbà tó yá, ó ti abọ́ rẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì kí Hafeezah má baà máa rìn jìnnà láti da tirẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí oòrùn fi mú.

Nírọ̀lẹ́, ó dé Hamdalaye. Alhaji jókòó lórí ẹní lójúde, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán.

"Wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ṣa á?" ó béèrè.

"Wọ́n jẹ́ ká ṣa á lónìí."

"Ọ̀la ńkọ́?"

Hafeezah bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó tì í. Ó ní àwọn obìnrin náà máa tún lọ lọ́la, òun sì máa bá wọn lọ. Àmọ́ ohun tí àwọn máa bá lẹ́nu igbó, òun ò mọ̀. Ó ní òun ti kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún wọn pé kò séwu, ó ti fẹ́ jáde lẹ́nu òun, òun gbé e mì.

Alhaji mi orí. Ó sún fún un lórí ẹní, ó sì ké sí àbúrò Hafeezah pé kó gbé oúnjẹ wá.